Ògùrọ̀ ń so o, àwa ni kì í jẹ́ kó so

Mo rí i tí ẹnìkan ní igi ògùrọ̀ kì í so. Irọ́ ni. Ó ń so, wọ́n sì ń jẹ èso rẹ̀. Èmi náà ti jẹ ẹ́.

Bàbá ìyá mi ní àbàtà kan lọ́nà Òkìtìpupa, ògùrọ̀ ló kún ibẹ̀. Kí wọ́n tó dá ẹmu lára igi kan, wọ́n á kọ́kọ́ gbójú sókè wo orí rẹ̀. Tí imọ̀ tuntun bá ti ń yọ ní kúkúrú, tí kò gùn tó ti tẹ́lẹ̀, igi náà fẹ́ tanná nìyẹn. Wọ́n á gbé àkàbà ọpárun tì í, wọ́n á gé orí rẹ̀ níbi tí òdòdó ì bá gbà yọ, wọ́n á so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn. Ti àárọ̀ máa ń dùn rinrin. Èyí tó bá kan, ó di ògógóró.

Ògùrọ̀ kò dà bí ọ̀pẹ tí à ń kọ ẹyìn rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń tanná láyé rẹ̀. Tó bá so tán, ó kú. Tí wọ́n bá dá a, ó kú náà ni. Mo bi bàbá pé ṣé èyí kì í so ni. Wọ́n ní, "Ta ni yóò dúró dè é? Ṣé ìwọ lo máa san owó ilé ìwé rẹ?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ibibio, ló fi èso náà hàn mí. Igi kan wà nínú ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dé ìdí rẹ̀, ìdì èso rọ̀ lórí rẹ̀ gbọọrọ. Èso kan kún ọwọ́. Ìpẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń dán ló bò ó, ẹran ara rẹ̀ pọ́n bí ata rodo tó fẹ́ pọ́n, ó sì tín-ín-rín lára kóró líle. Aǹtí sè é pẹ́, wọ́n bó ìpẹ́ náà, a fi gààrí jẹ ẹ́. Ó lọ́ràá, ó sì korò díẹ̀ nídìí ahọ́n. Ẹni tó bá ń retí adùn àgbálùmọ̀, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ má sì jẹ ẹ́ ní tútù o: òun kan náà ni àwọn apẹja ń gún dà sódò láti fi pa ẹja.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi igi mélòó kan sílẹ̀ báyìí kó lè rí kóró gbìn. Àwọn tó ń bá a dá ògùrọ̀ kò fẹ́ gbọ́ rárá. Wọ́n ní owó àwọn ló ń jẹrà lórí igi.