Phrygian dominant lórí ukulele: ó ti bọ́ sí i
Ẹ rántí pé mo ké sí yín pé bí mo bá ta Phrygian dominant, ìyẹn súkéèlì kan (àwọn ohùn tí a ń ta tẹ̀léra), láti E lórí ukulele mi, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, súkéèlì A minor lásán ló ń jọ létí mi. Ẹni tó ní kí n gba kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀) E àti F sílẹ̀ sórí fóònù, kí n máa ta súkéèlì náà lé e lórí, kí n sì máa parí sí E, òun ló yanjú ẹ̀. Ọjọ́ kẹta letí mi gbà. Okùn G tí mi ò tẹ̀ ló tún ń dà á rú, G#, ohùn tó ga ju G lọ díẹ̀, la nílò. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ní fírẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn ukulele) 1. Okùn low G (okùn G tí ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ) tí mo rà? Díẹ̀ ló ṣe, ohùn ẹ̀ wúwo jù. Ọmọńdinrín mi ló kù: lórí okùn E, láti F dé G# ní fírẹ́ẹ̀tì 4, bí mo bá sáré, ó ń tàsé. Ẹ ṣeun o.