Lórí “ìdẹ ààyè”, “ọmọ ẹja” àti “tú sílẹ̀” nínú ìtumọ̀ òfin ìdẹ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè,

Mo ti ka àbá tí ọ̀kan nínú wa mú wá, pé kí a máa pe ohun abẹ̀mí tí apẹja ń fi sẹ́nu ìwọ̀ ní “oúnjẹ ẹja alààyè”, kí a sì lo ọ̀rọ̀ náà nínú gbogbo ìtumọ̀ òfin tó jẹ mọ́ ẹja pípa nínú odò àti adágún tí kò níyọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ronú sí i, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn. Òfin ni a ń túmọ̀. Ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan gbọ́ nínú rẹ̀ lè san owó ìtanràn, ó sì lè ṣe ohun tó burú ju ìyẹn lọ, kí ó gbé àrùn lọ sínú adágún tí kò ní irú rẹ̀ rí.

Àbùkù àkọ́kọ́ ni pé “oúnjẹ ẹja alààyè” kò sọ ohun tó wà láàyè fún wa, bóyá ẹja ni tàbí oúnjẹ. Èkejì ni pé oúnjẹ ni ohun tí a fi ń bọ́ ẹja kí ó lè sanra, bí àwọn tó ń sin ẹja ṣe ń ṣe, òfin ìdẹ kò sì bá ìyẹn wí. A ti ní “ìdẹ” tẹ́lẹ̀. Láti ara “dẹ” ni ó ti wá, èyí tó wà nínú dídẹ tàkúté àti nínú ìdẹkùn, ó sì gbé ète mímú ẹran sínú ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé “ìjẹ”, n kò sì bá wọn jà lórí rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àmọ́ nínú ìwé òfin ó ti sún mọ́ “jíjẹ” jù.

Ibi tí ó yẹ kí a ti fara balẹ̀ ni “ààyè” tí a fẹ́ fi kún un. Àwọn kan ti ń dábàá pé kí “ìdẹ ààyè” dúró fún ìdẹ níbi gbogbo. Ẹ jẹ́ kí a fi òfin méjì wò ó. Ní Scotland, òfin ọdún 2007 kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi ẹranko ààyè tó ní eegun ẹ̀yìn ṣe ìdẹ nínú omi tí kò níyọ̀. Ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ ààyè wọ inú rẹ̀, ekòló kò wọ inú rẹ̀, nítorí pé ekòló kò ní eegun kankan. Bí a bá kọ ọ́ pé “a kò gbọ́dọ̀ lo ìdẹ ààyè”, a ti fi òfin de ekòló tí àwọn aṣòfin kò dè. Ní Òǹtáríò ní Kánádà ẹ̀wẹ̀, wọ́n ti pín ìpínlẹ̀ náà sí àgbègbè ìdẹ mẹ́rin láti ọdún 2022, ẹja ìdẹ àti eṣúṣú kò sì gbọ́dọ̀ ré kọjá ààlà àgbègbè kan sí òmíràn, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà tí òfin yọ sílẹ̀. Yálà wọ́n wà láàyè tàbí wọ́n ti kú, òfin náà kàn wọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì tó ń fa VHS, àrùn kan tó ń mú kí ẹja máa ṣẹ̀jẹ̀, tó pa ẹja lọ rẹpẹtẹ nínú àwọn Adágún Ńlá Àríwá Amẹ́ríkà ní 2005 àti 2006, kì í kú tán bí a tilẹ̀ fi ẹja náà sínú yìnyín. Bí a bá wá kọ “ìdẹ ààyè” níbẹ̀, a ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó gbé òkú ẹja dání. Nítorí náà, kí “ìdẹ” jẹ́ orúkọ gbogbogbò, kí “ààyè” má sì wọlé àyàfi níbi tí òfin gan-an bá ti fi ìyàtọ̀ sáàárín ààyè àti òkú.

Mo lòdì pátápátá sí “ọmọ ẹja”, tí a fẹ́ fi pe ẹja kékeré tí a ń fi ṣe ìdẹ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà fún ìdẹ kì í ṣe ọmọ ẹja ńlá kankan. Ẹ̀yà tirẹ̀ ni, bí ó bá sì dàgbà tán, kì í sábà gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Orúkọ àwọn ẹ̀yà tí òfin gbà ni a máa ń tò sílẹ̀, ọmọ àwọn ẹja tí àwọn apẹja ń wá gan-an ni kì í sì í sí lára wọn. Ẹni tó bá kà á pé “o lè ní ọmọ ẹja 120 lọ́wọ́”, tí í ṣe iye ẹja ìdẹ tí Òǹtáríò gbà fún ẹnì kan, yóò mú ohun tí òfin náà ń dáàbò bò, yóò sì rò pé òun ti pa òfin mọ́. “Ẹja wẹ́wẹ́” ni kí a lò, kí orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù lọ ni “tú sílẹ̀”. Nínú àkọsílẹ̀ tí a ń yẹ̀ wò, gbólóhùn náà kà pé: “Ẹ má ṣe tú ìdẹ tó ṣẹ́kù sílẹ̀.” Ẹlẹ́wọ̀n ni a ń tú sílẹ̀, ẹran tí a so mọ́lẹ̀ ni a ń tú sílẹ̀, àánú wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Apẹja tí ẹja wẹ́wẹ́ ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ yóò máa rò pé rere ni òun fẹ́ ṣe, ìdí tí òfin fi kọ̀ ọ́ kò sì ní yé e. Ẹlòmíràn tó da korobá rẹ̀ sódò, tòun ti òkú ẹja àti omi, kò ní gbà pé òun tú ohunkóhun sílẹ̀. “Dànù” náà kò tó, nítorí pé a lè da nǹkan nù síbikíbi, bẹ́ẹ̀ Òǹtáríò kọ̀ kí a da ohun tó wà nínú korobá ìdẹ, àti omi rẹ̀, sínú omi tàbí sí ibi tí kò jìnnà tó mítà 30 sí omi. Àbá tèmi rèé: “Ẹ má ṣe da ìdẹ, tàbí omi tó wà nínú korobá rẹ̀, sínú odò tàbí adágún, tàbí sórí ilẹ̀ tó wà láàárín mítà 30 sí etí omi. Ẹ kó ìdẹ tó bá ṣẹ́ kù sínú ike ìdọ̀tí.” Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́.

Ẹ kíyè sí i pé mo ya omi inú korobá sọ́tọ̀. Ní Minnesota, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ gbé ìdẹ ààyè kúrò létí adágún gbọ́dọ̀ da omi adágún náà kúrò, kí ó sì fi omi ẹ̀rọ tàbí omi inú ike rọ́pò rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni irú ẹ̀dá oníkarahun kan tí kì í ṣe ti ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní zebra mussel, tí a rí nínú Adágún St. Clair, ní ààlà Kánádà àti Amẹ́ríkà, ní 1988. Ọmọ rẹ̀ tó ń léfòó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i nínú omi. Bí a bá kàn kọ “omi” láìsọ èyí tí à ń wí, òfin náà yóò fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bákan náà ni “odò kan náà”, tí àkọsílẹ̀ wa lò fún ibi tí a ti mú ìdẹ, kò ká adágún mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a kọ “odò tàbí adágún tí a ti mú un”.

Ní ti títà, n kò rí ìṣòro púpọ̀. “Ìwé àṣẹ” àti “rìsíìtì” ti yé gbogbo ènìyàn. Kìkì pé kí a má kọ “ẹja tí kò lárùn” fún ẹja tí a fi ìwé ẹ̀rí tà: ohun tí ìwé náà jẹ́rìí sí ni pé a yẹ ẹja náà wò fún àwọn àrùn kan pàtó. “Ẹja tí a ti yẹ̀ wò fún àrùn” ló bá a mu.

Ó ku “àjòjì”, tí a fẹ́ fi pe ẹ̀dá tí kì í ṣe ti ibẹ̀. Àjòjì máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ekòló tó ń jẹ ewé gbígbẹ ilẹ̀ igbó Minnesota tán lónìí kò rìn dé ibẹ̀: ènìyàn ló gbé e wá, àwọn mìíràn nínú agolo ìdẹ. Mo dábàá “ẹ̀dá àgbéwá”, kí a sì fi “agbilẹ̀” kún un fún èyí tó bá ti ń tàn kálẹ̀ tó sì ń ṣe ibi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó fi ọwọ́ ẹni tó gbé e hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá kí a tó fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́.