Òkúta gíránáìtì tí mo rà, ṣé ó tẹ́jú ṣá?

Ọmọ_Léèdì: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kúuṣẹ́ o. Mo ra surface plate gíránáìtì tòkunbọ̀ (òkúta pẹlẹbẹ tí a ń gbé nǹkan lé láti wọ̀n ọ́n), íńṣì 18 sí 24, wọ́n kọ Grade A (ìpele bó ṣe tẹ́jú tó) sí i lára. Ibi kan náà ni mò ń gbé gauge block (búlọ́ọ̀kù tí a mọ gíga ẹ̀ dájú) sí, àmọ́ ohun tí dial indicator (géèjì tó ń fi ìyàtọ̀ kékeré hàn) sọ láàárọ̀ kọ́ ló ń sọ lọ́sàn-án. Àbí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?

Bàbá_Ṣọ́ọ̀bù: Fara balẹ̀ ná. Grade A sáìsì yẹn, nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 4 (mìlímítà kan tí a pín sí ẹgbẹ̀rún ni máíkírọ́ọ̀nù kan) ni wọ́n gbà á láàyè láti ibi tó ga jù sí ibi tó rẹlẹ̀ jù, AA tó dára jù ú lọ jẹ́ 2, B tí kò tó o jẹ́ 8. Ṣé oòrùn ń kàn án? Tí òkè ẹ̀ bá ti gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, àárín ẹ̀ á wú díẹ̀, ojú lásán ò lè rí i. 20°C ni wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àǹtí_Géèjì: Kí lo gbé e lé? Ojúkò mẹ́ta ló yẹ kó jókòó lé o! Sítíkà Grade A àtijọ́ yẹn ò sì já mọ́ nǹkan kan, torí àárín tí wọ́n ń lò jù ló máa ń jẹ wọnú, jẹ́ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, tó bá ti jẹ wọ́n lè lápù ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n lọ ojú ẹ̀ kó tún tẹ́jú.

Ọmọ_Léèdì: Yéè, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo gbé e lé o, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló tún wà 😂