Ewú kọ́, ewu ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹni tó kọ̀wé lánàá ní kí a máa pe iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ti bà jẹ́ wò, kí wọ́n lè mọ ohun tó lè ṣe fún ìlera ará àdúgbò, ní "ìdíyelé ewú". Ewú ni ó wà lórí mi. Ewu ni ó wà nínú ilẹ̀. Bí àmì ohùn òkè yẹn bá dúró, irun funfun ni a ń ná lọ́jà.

"Ìdíyelé" pàápàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyá mi ta aṣọ òkè títí ó fi darúgbó, kò sì díye lé ohun tí kò ní í tà. "Ìgbéléwọ̀n" tí àwọn olùkọ́ ti ń lò ti tó wa.

Ẹni tó kọ̀wé lánàá yẹn tún ní ewu kan náà ni Yorùbá ń pe ohun tó lè pani lára àti bí ó ṣe lè kàn wá tó. Ta ló ní a kò ní "oró"? Ní Ogijo, Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú láti gba òjé (èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lead) inú rẹ̀, oró ni òjé tó wà nínú eruku. Ó di ewu nígbà tí ó bá rí ọ̀nà dé ara ènìyàn: atẹ́gùn gbé e sórí ẹ̀fọ́, ọmọ ọdún méjì fọwọ́ nulẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 wò níbẹ̀ lọ́dún 2025, òjé tó lè pani lára wà lára nǹkan bí 7 nínú 10. Ẹni tó bá wọn eruku nìkan, oró ló wọ̀n; kò tíì gbé ewu lé ìwọ̀n.

Ẹnì kan dábàá "ìwewu" dípò "ewu", láti ara "fi ẹ̀mí wewu". Gírámà rẹ̀ gún, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ ọdún méjì yẹn kò wewu. Ẹlòmíràn ló fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu.

Ẹni tó sì ní kí a pa "òjé" tì, kí a máa kọ "léèdì", kí ó rántí pé àwọn olórìṣà Ọbàtálá ti ń fi òjé sọ́wọ́ kí ilé iṣẹ́ bátìrì tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ewú: ìwé atúmọ̀ èdè wo ni ẹ ti rí àmì òkè yẹn?