A ti lọ, a ti bọ̀: ìrìn-àjò èmi àti àwọn ọmọ

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè bóyá kí n dá kó ọmọ ọwọ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lo ìsinmi lókè òkun. Ìmọ̀ràn pé kí n fún ọmọ lọ́mú kí etí má bàa dùn ún nínú bàálù ló ṣiṣẹ́ jù: bí bàálù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni mo ti ọmú bọ àbúrò lẹ́nu. Ó ń fà á, ó ń gbé e mì, etí kò dùn ún rárá. Ẹ̀gbọ́n ń mu omi ní tirẹ̀.

Ẹni tó ní kí n gba lẹ́tà lọ́wọ́ bàbá wọn pé ó yọ̀ǹda kí n kó wọn rìnrìn-àjò, Ọlọ́run á bù kún un! Lẹ́tà náà ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi ní ibodè. Kẹ̀kẹ́ ọmọ tí ẹ jà lé lórí yẹn, bóyá kí n gbé e dání tàbí kí n fi í sílẹ̀, ńkọ́? Mi ò gbé e. Mo pọn àbúrò ni.

Ó parí síbí o. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tirẹ̀, kó ṣí ìjíròrò tuntun.