"Òfò àìròtẹ́lẹ̀" kọ́, àpakún ni

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe ohun tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń pè ní "collateral damage", ìyẹn ikú àwọn aláìjagun tó bá ìkọlù sí ẹlòmíì rìn, ní "òfò àìròtẹ́lẹ̀". N ò fara mọ́ ọn. Òfò kì í ní ẹni tó ṣe é. Ó kàn ṣẹlẹ̀ ni, bí ìgbà tí ìjì bá ṣí òrùlé.

"Àìròtẹ́lẹ̀" gan-an ló wá burú jù. Ìwé àfikún sí Àdéhùn Geneva, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1977, ní kí ọ̀gágun tó fẹ́ kọlu ibì kan kọ́kọ́ wo iye aláìjagun tó ṣeé ṣe kó kú, kó fi wé èrè tó ń retí lójú ogun. Bí ikú bá pọ̀ ju èrè lọ, kó jáwọ́. Ohun tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀, báwo ló ṣe di àìròtẹ́lẹ̀? (Ẹni tó fẹ́ pààyàn náà ló sì gbé òṣùwọ̀n lọ́wọ́ o.)

Ẹ wo bí òṣùwọ̀n yẹn ṣe ń tẹ̀. Ní oṣù kìíní 2015, drone Amẹ́ríkà pa ará Ítálì kan tí Al-Qaeda jí gbé. Ààrẹ Obama tọrọ àforíjì ní gbangba, ìdílé ẹni náà sì gba owó tó lé ní mílíọ̀nù kan yúrò. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà da ọta bo ilé ìwòsàn kan ní Kunduz, ní Afghanistan. Èèyàn 42 kú. Dọ́là 6,000 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdílé òkú kọ̀ọ̀kan.

Ẹlòmíì dábàá "ìfarakááṣá". Ó dùn létí, àwọn oníròyìn sì ti ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pa ni ọ̀rọ̀ náà sọ di olùṣe: òun ló fara kó o. "Afaragbọta" náà nìyẹn. A rí ara, a rí ọta, a ò rí ayìnbọn.

Ẹ jẹ́ ká lo "àpakún". "Fi kún" ló bí àfikún. "Pa kún" á bí àpakún, ẹni tí wọ́n pa kún ẹni tí wọ́n ń wá. "Àpamọ́", ẹni tí wọ́n pa mọ́ ẹni tí wọ́n ń wá, ò lè ṣe é, torí ohun tá a bá fi pamọ́ ni wọ́n máa kà á sí. Àwọn ológun á fẹ́ràn àpamọ́ yẹn jọjọ.

Kì í ṣe gbogbo ikú aláìjagun ni àpakún o. Ní Tokyo, oṣù kẹta 1945, àdúgbò táwọn èèyàn ń gbé gan-an ni ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù oníná sí. Bíi 100,000 ló kú lóru ọjọ́ kan. Ìpakúpa nìyẹn. Ti Kabul ní Afghanistan, 29 oṣù kẹjọ 2021, tí ọmọdé méje wà lára àwọn mẹ́wàá tí drone Amẹ́ríkà pa, àṣìpa ni, nítorí wọ́n ṣi ọkọ̀ mọ̀. Síbẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ ní ohun tó tọ́ làwọn ṣe; ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì di "òfò" mú, ẹ kọ gbólóhùn kan fún wa tí a ti máa rí ẹni tó jù bọ́ǹbù nínú ẹ̀.