Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń mú ajá bì lóru? Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí

Ìyá Bingo: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin alájá ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò rí oorun sùn mọ́. Bingo mi, akọ ni, ọmọ ọdún 4, kò tóbi, nǹkan bíi kílò 14. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 yìí ó ti bì lẹ́ẹ̀mẹta, òru sì ni gbogbo ẹ̀, láàárín ago 3 sí ago 5. Nǹkan tó máa ń jí mi ni pé á máa lá ètè ẹ̀, á máa gbé itọ́ mì, á máa rìn káàkiri yàrá, kí n tó dìde tanná ikùn ẹ̀ á ti máa fà wọlé fà jáde, ó ti bì nìyẹn. Kì í ṣe oúnjẹ o, omi yẹ́lò ni, ó ń fà yọ̀ọ̀, ó ní ìfòfó lójú. Tó bá bì tán á padà lọ sùn bíi pé kò sí nǹkan, tílẹ̀ bá mọ́ á jẹun, á sáré, ìgbẹ́ ẹ̀ náà dáa. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni mò ń fún un lóúnjẹ, ago 5 ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tó fún mi ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jẹ́ májèlé ló jẹ.

Bàbá Rover: Ìyá Bingo ẹ fọkàn balẹ̀, koríko ló jẹ. Tèmi náà máa ń jẹ ẹ́, á bì í, ó tán.

Ìyá Bingo: Mo wò ó dáadáa sà, kò sí koríko kankan nínú ẹ̀. Omi yẹ́lò yẹn náà ni.

Dúpẹ́ Alájá: Àǹtí mi, bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí ó jọ ti èmi gan-an. Ebi ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Omi yẹ́lò yẹn, òróòro ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, inú ìfun ló sì yẹ kó dà sí kó lè bá ọ̀rá inú oúnjẹ jà, ṣùgbọ́n tí inú ajá bá ti ṣófo pẹ́, ó lè padà gòkè wá sínú àpòlúkù, ibẹ̀ kì í sì í gbà á, ó máa ń ta á, ìyẹn ló ń gbé èébì wá. Ẹ wò ó, láti ago 5 ìrọ̀lẹ́ di ago 3 òru, wákàtí 10 nìyẹn láìjẹ nǹkankan. Dókítà ẹranko tó wo tèmi pè é ní bilious vomiting syndrome. Nǹkan tó ní kí n ṣe ni pé kí n má fi kún oúnjẹ ẹ̀ o, iye tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà ni kí n pín sọ́nà mẹ́ta, kí èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ ìgbà tí èmi fúnra mi bá fẹ́ lọ sùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí wọ́n wò ó o, torí aràn lè fa èébì, àìsàn ẹ̀dọ̀ lè fà á, ti pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe omi tó ń bá ìfun da oúnjẹ, náà lè fà á, ìgbà tí wọ́n bá yọ ìyẹn kúrò ni wọ́n tó ń sọ pé ebi ni.

Bàbá Rex: Ẹ dákun Ìyá Bingo, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ṣé ikùn ẹ̀ wú? Ṣé ó máa ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì tí nǹkankan ò sì jáde? Mò ń béèrè torí Rex mi, German Shepherd, òru ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó ń gbìyànjú kó bì, itọ́ nìkan ló ń dà lẹ́nu ẹ̀, kò lè jókòó kò lè dùbúlẹ̀, ikùn ẹ̀ le bí ìlù. Mo ní kílẹ̀ mọ́ ná. Ilẹ̀ ò mọ́ bá a. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ló kún àpòlúkù ẹ̀ tó sì lọ́ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá mọ́, iṣẹ́ abẹ nìkan ló ń gbà á là, wákàtí mélòó kan péré sì ló wà láti fi ṣe é. Àwọn ajá ńlá tí àyà wọn jìn ló ń ṣe jù, àmọ́ ó lè ṣe kékeré náà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí èyí, òru kòru, ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìyá Bingo: Ẹ kú àdánù o sà, ó dùn mí gan-an. Rárá, ikùn ẹ̀ ò wú, ó máa ń rí i bì, ara sì máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn ẹ̀.

Bàbá Rex: Ẹ ṣé. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Tọ́lá B: Ẹ fún un ní ibuprofen díẹ̀ ṣáájú kó tó sùn, bóyá inú ló ń run ún.

Dúpẹ́ Alájá: Tọ́lá jọ̀ọ́ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì á kà á á lọ ṣe é. Ibuprofen máa ń dá egbò sínú ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́. Paracetamol náà, ẹ má fún un láìjẹ́ pé dókítà ẹranko ló sọ ọ́.

Tọ́lá B: Mi ò mọ̀, ẹ má bínú. Mo ti gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ajá: Mo ti bá dókítà ẹranko ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Ẹ máa wò ó bóyá èébì gan-an ni. Èébì, ikùn á fà á, ẹ á rí i pé ó lágbára. Tó bá jẹ́ pé ó kàn tẹrí ba tí oúnjẹ tí kò tíì dà sì yọ̀ jáde láìfà ikùn, ọ̀nà ọ̀fun ni kí ẹ fura sí, tàbí pé ó jẹun kíákíá jù. Èyí tó ń wúkọ́ hòò hòò tó wá tu ìfòfó funfun díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ikọ́ ni, àìmọye èèyàn ló ń gbé ajá oníkọ̀ọ́ wá tí wọ́n ní ó ń bì. Ẹ ya fọ́tò èébì náà, ẹ ṣàkọsílẹ̀ aago. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ tàbí nǹkan dúdú tó dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, tó bá ń bì léraléra tí omi gan-an ò dúró níkùn ẹ̀, tí èrìgì ẹ̀ bá funfun, tàbí ẹ fura pé ó jẹ ṣokoléètì, èso àjàrà, oògùn eku, tàbí ó gbé ìbọ̀sẹ̀ mì, ẹ má dúró. Ẹ má sì bu omi iyọ̀ fún un pé kó bì, iyọ̀ gan-an lè pa á. Ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé, tó ń bì tó sì ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, pávò, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ìfun ajá jẹ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, ọjọ́ kan ti pọ̀ jù láti fi dúró. Ajá àgbà tó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tó ń tọ̀ púpọ̀ tó wá ń bì, kí wọ́n yẹ kíndìnrín ẹ̀ wò.

Ìyá Bingo: Ẹ káàárọ̀ o gbogbo yín, ọjọ́ 9 rè é. A lọ. Dókítà tẹ ikùn ẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìgbẹ́ ẹ̀ wò, kò sí aràn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó dáa. Nǹkan tí Dúpẹ́ sọ náà ni wọ́n sọ. Ago 7 àárọ̀, ago 2 ọ̀sán, ago 10 alẹ́ ló ń jẹun báyìí. Òru 5 gbáko kò bì. Òru kẹfà ó rẹ̀ mí, mo sùn lọ láìfún un ní ti alẹ́, ago 4 ni mo gbọ́ tó ń lá ètè, omi yẹ́lò yẹn náà. Ojú tì mí, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ti wá sẹ́ẹ̀tì àláàmù ago 10 sórí fóònù, kò sì tíì bì látìgbà yẹn.

Bàbá Rex: Ẹ bá mi fọwọ́ pa á lórí.